Orúkọ Tí Ìyàwó Kì í Pè

Akọ̀wé ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mí níbi. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, nítorí náà orí rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn ní Ìkòròdú, tí òun ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí ń fi eyín họ ìdí pẹ́ńsùlù. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ náà ì báà ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ ìyàwó ni. Ìyàwó ni yóò wá orúkọ tó dùn tí yóò fi máa kẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn á ní Adúmáadán, àwọn mìíràn á ní Ẹyinfúnjowó. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà wo ọmọ tí kò lè kọ lẹ́tà kan kó dúró lórí ìlà, mo ní Akọ̀wé ni n ó máa pè é. Àwàdà ni mo fi ṣe. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n gbà á. Níta, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló ń jẹ́. Inú agbo ilé wa nìkan ló ti ń jẹ́ Akọ̀wé.

Èmi náà ni mo kọ́ ọ tó fi mọ̀wé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ mi, mo ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí síléètì. Bí mo bá mọ ohun tí yóò fi ìwé náà ṣe, ǹ bá jẹ́ kí ó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, èmi àti ọkọ mi kọ́ ilé búrẹ́dì sí Ìtamàga, lórí ilẹ̀ tí bàbá ọkọ mi fi ẹnu pín fún un níṣojú ẹbí. Ààrò bíríkì ni, igi la fi ń dáná sí i. Jẹnẹrétọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń po ìyẹ̀fun, nítorí iná ìjọba kì í dúró. Ọkọ mi kú kí orúkọ búrẹ́dì wa tó kàn. Nígbà tí a sin ín tán, mo padà sídìí ààrò, nítorí ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti ń gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, òórùn búrẹ́dì á gba gbogbo àdúgbò. Àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ wa, wọn á fi búrẹ́dì gbígbóná há abíyá, á máa jó wọn, wọn ò ní í jù ú sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́, èéfín wà. Ìyá kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa máa ń sáré ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn bí a bá ti ń dáná, á sì yọ orí lójú fèrèsé.

"Màmá Oníbúrẹ́dì! Ṣé ẹ fẹ́ fi wá ṣe ẹja gbígbẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹja tútù kì í pẹ́ bàjẹ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ láyé ni."

A jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí i, aṣọ á sì padà sórí okùn.

Ìgbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí wọlé ni ìjọba ìpínlẹ̀ dojú òfin kọ èéfín àti ariwo. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi iná igi tàbí ẹ̀rọ tí ń lo epo dísù ṣòwò láàárín ilé gbé páìpù èéfín rẹ̀ ga kọjá òrùlé aládùúgbò, kí ó kọ́ ilé fún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kí ó sì gba ìwé àṣẹ pé iṣẹ́ òun kò ba omi, ilẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ jẹ́. Ariwo sọ. Àwọn wẹ́dà ní àwọn fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń jó irin láìpariwo. Àwọn tó ń lọ ata ní kí ìjọba kúkú wá fi eyín rún un fún àwọn oníbàárà. Èmi ò bá wọn pariwo. Òfin náà ò burú lójú mi. Mo ti kọ́ ọmọ tó, mo mọ̀ pé àyà tó ń fa èéfín kì í pẹ́ ṣàìsàn. Mo ra páìpù. Bíríkìlà ti gbé ògiri ilé jẹnẹrétọ̀ dé ọrùn. Àwọn òṣìṣẹ́ òfin àyíká tó wá wò ó sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ń gbìyànjú," wọ́n sì ní kí n parí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

Akọ̀wé kò fẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ti di kánsẹ́lọ̀ nígbà náà, òun ni wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ àyíká lé lọ́wọ́ ní kánsù. Ojú ọ̀nà Ìtamàga ti ń di ti ọlọ́jà, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń wọ àwọn èèyàn lójú. Níwọ̀n bí ọkọ mi ti kú, òun ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ náà máa bọ́ sí bí mo bá kúrò níbẹ̀. Kò lè wá sọ fún opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó dìde lórí ilẹ̀. Ẹbí á bú u. Ó fi òfin sọ ọ́.

Sátidé ìmọ́tótó ni wọ́n yàn, ọjọ́ tí aráàlú ò gbọdọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ọkọ̀ ìjọba nìkan ń rìn. Mo ń gbá iwájú ilé búrẹ́dì mi lọ́wọ́, mo rí ọkọ̀ tó dúró. Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí mi ò rí rí, ọ̀kan gbé garawa ọ̀dà pupa dání. Ìyẹ̀fun pípò ti wà nínú agolo búrẹ́dì lórí tábìlì, ó ti ń wú. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo fi nǹkan bí ogún ọdún jù ú lọ. Ìyàwó ni mí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi.

"Akọ̀wé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a kó èyí tó ti wú yìí sínú ààrò ná. Tó bá jinná, ẹ tì í."

"Ìyàwó wa, ẹ dìde nílẹ̀. Òfin ò mọ ẹbí."

"Ṣé páìpù tó wà nílẹ̀ yìí, ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Páìpù tó wà nílẹ̀ kì í gbé èéfín lọ sókè."

Àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ìjọba ti tì í pa. Kí wọ́n tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, Akọ̀wé na ọwọ́ wọlé, ó mú búrẹ́dì àná kan lórí pẹpẹ, ó fi há abíyá, ó wọ ọkọ̀.

Ìyẹ̀fun yẹn kò mọ̀ pé wọ́n ti ti ilé. Ó ń wú lọ. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo rí i tó ti kún agolo, tó ń yọ́ bọ́ sórí tábìlì, tó ń kán sílẹ̀. Nígbà tó yá ó kan, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò tó jẹ́ pé òórùn búrẹ́dì ló ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ìyá ẹ̀yìnkùlé yọ orí, ó rọra pa fèrèsé rẹ̀ dé.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ òfin. Wọ́n ní bí kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó àyíká ní àdúgbò mi bá ti fọwọ́ sí i pé mo ti ṣàtúnṣe, àwọn á ṣí i. Mo lọ bá Akọ̀wé. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sí ohun tí òun ò tíì yẹ̀ wò. Mo ní kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò ṣeé yẹ̀ wò, wọ́n ti tì í pa. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ ní gírámà.

Àwọn òṣìṣẹ́ mi kọ́kọ́ ń wá láràárọ̀, wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn bí ẹni ń retí pé kí aláìsàn jí. Lẹ́yìn náà wọ́n tú ká. Ọ̀gá tó ń bá mi ṣe búrẹ́dì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ààrò bí abiyamọ ṣe mọ orí ọmọ, gba Ṣágámù lọ, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Èmi kó ẹrù mi, mo padà sí ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kó, ìwé òfin náà ló ṣe mí láǹfààní jù. Mo wá a rà, mo sì kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Ní Ẹ̀pẹ́, mo mọ ààrò kékeré kan, mo gbé páìpù rẹ̀ ga débi pé àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń kọ́.

Àwọn apẹja tó wá láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní apá Àgbówà, ló wá di oníbàárà mi. Wọ́n ń wa ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ ọjà, wọ́n ń kó ẹja sílẹ̀, wọ́n ń ra búrẹ́dì lọ. Bàbá tó jẹ́ olórí wọn jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ sunkún.

"Màmá Tíṣà, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi wá ṣẹ̀sín. Ẹ̀rọ kan dé sórí omi wa. Ó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ó ń da epo dísù sójú omi. Àwọ̀n wa ya tán. Ẹja tí a bá sì rí, òórùn kẹrosíìnì ni ń rùn."

"Ta ló ni ẹ̀rọ?"

"Wọ́n ní Akọ̀wé ni."

Ọwọ́ mi dúró lórí búrẹ́dì tí mo ń wé.

"Àwọn tó ń wà á, ẹ bi wọ́n, Akọ̀wé. Ẹ bú wọn, Akọ̀wé. Wọ́n ní ará Ìkòròdú ni. La bá dìde, a lọ sí kánsù ní Ìkòròdú. A ní ẹjọ́ Akọ̀wé la wá rò. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ní, 'Ẹ gba òkè lọ, ọ́fíìsì kejì lápá ọ̀tún.' A dé ibẹ̀, a bá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní, 'Èmi ni akọ̀wé.' Mo ní, 'Ìwọ ni o ń fa yanrìn wa?' Ó ní, 'Kí ni?' Mo ní, 'Kó ẹ̀rọ rẹ kúrò lórí omi wa!' Ọkùnrin náà dìde, ó ń gbọ̀n. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀rù omi ń bà mí, mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi! Ta ló rán yín sí mi?' Ó ní àwọn ọ̀tá òun ní ibi iṣẹ́ ló rán wa. Ó pe ọlọ́pàá sí wa."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ti gbóná. Mo bá wọn wọkọ̀ padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ náà dúró láàárín omi, páìpù rẹ̀ gùn dé etí odò, èéfín dúdú ń tú lórí rẹ̀, epo sì ń tàn yanranyanran lójú omi káàkiri. Ẹni tó dúró lórí rẹ̀ tó ń pàṣẹ ni àbúrò ìyàwó Akọ̀wé. Ó ti jẹun nílé mi láìmọye ìgbà. Ó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Màmá." Mo ní, "Mo rí yín."

Orúkọ tí mo fi kẹ́ ẹ ló fi bojú. Ní kánsù, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Akọ̀wé. Ní etí omi, kò sí ẹni tó mọ orúkọ mìíràn fún un. Àwọn tó mọ méjèèjì kò ju ẹbí lọ, ẹbí ò sì ní í sọ. Àwọn ìyàwó ilé ńkọ́? Ẹnu wa ò gbọdọ̀ gbé orúkọ rẹ̀. Ó ti ro ibẹ̀ dáadáa. Òfin tó fi tì mí pa sì ní kí ẹni tó bá ń fẹ̀sùn kan ẹlẹ́rọ dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní í gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé àwọn aṣòfin ń bọ̀ wá jókòó ní Ìkòròdú láti gbọ́ tẹnu aráàlú, nítorí wọ́n fẹ́ tún òfin náà ṣe. Wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò wá sọ bí ó ṣe ń ni wọ́n lára. Mo sọ fún olórí àwọn apẹja pé kí wọ́n wá. Mo sọ fún un pé èmi náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ẹni tí Akọ̀wé jẹ́ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí ẹja ni. Mo fẹ́ràn ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹja.

Ọ̀rọ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ ìpàdé náà, Ìyáálé agbo ilé wa wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́. Òun ni ìyàwó tó dàgbà jù nílé, òun ló wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ọkọ wa ló rán mi. Ó ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, òun fúnra òun á ṣí ilé búrẹ́dì rẹ. Á fọwọ́ sí i, á nu ọ̀dà yẹn kúrò. Kí o ṣáà jókòó jẹ́ẹ́ rẹ sí Ẹ̀pẹ́ níbí lọ́jọ́ ìpàdé."

"Ìyá mi, ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá aṣebúrẹ́dì rẹ ti gbọ́, ó ti já iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù, ó ti ń bọ̀. Ìwọ obìnrin yìí, gba ohun rẹ. Kí lo fẹ́ fi omi àwọn ará etí òkun ṣe?"

"Bí mo bá lọ ńkọ́?"

Ó wò mí títí. "O máa pe ọkọ lórúkọ? Láàárín ọjà? O ò ní ibi tí wọ́n máa sin ọ́ sí nínú ilé yẹn mọ́."

Mo di búrẹ́dì fún un, kò gbà á. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ààrò Ìtamàga ni mo ń rí. Mo rí àwọn òṣìṣẹ́ mi tí wọ́n ń padà bọ̀, mo rí páìpù tí a ti gbé ga, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ìgbà tí wọ́n ti tì mí jáde ni wọ́n gbé wá bá mi nílé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni wọ́n sì ní kí n fi rà á. Títí mo fi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, mi ò mọ èyí tí n ó ṣe. Mo sọ fún ara mi pé n ó kàn lọ jókòó ni.

Gbọ̀ngàn kún. Akọ̀wé wà níwájú pẹ̀lú àwọn aṣòfin, ó wọ agbádá funfun, ìgò omi wà níwájú rẹ̀. Oníyìnyín kan sọ pé bí òun bá kọ́ ilé fún jẹnẹrétọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ilé náà á tóbi ju ṣọ́ọ̀bù òun lọ. Wẹ́dà kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òun níná kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ òun. Akọ̀wé dìde, ó ń fi gẹ̀ẹ́sì ńlá dá wọn lóhùn nípa afẹ́fẹ́ mímọ́ àti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni olórí àwọn apẹja dìde.

"Ẹ̀rọ kan ń pa omi wa."

Alága ní, "Ta ló ni ín, Bàbá?"

"Akọ̀wé."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì gbé orí sókè, ó fi bírò tọ́ka sí ara rẹ̀. Ẹ̀rín tún sọ.

"Bàbá, akọ̀wé pọ̀ níbí. Orúkọ rẹ̀ gan-an?"

"Akọ̀wé là ń gbọ́."

Akọ̀wé náà ń rẹ́rìn-ín. Ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. "Bàbá, ẹ lọ wádìí dáadáa, bóyá akọ̀wé ìjọ yín ni." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bàbá náà dúró, ó ń wo ilẹ̀, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Akọ̀wé wá wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ti rí mi láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ó mi orí sí mi díẹ̀ bí ẹni ń kí ìyàwó tó gbọ́ràn. Mímì orí yẹn ló pa á. Bí kò bá mi orí ni, mi ò mọ̀, bóyá ǹ bá dákẹ́.

Mo dìde. Mo ní: "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ tó wà lórí omi àwọn èèyàn wọ̀nyí ló jókòó níwájú yẹn, òun ló wọ funfun." Mo wá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo sì pe orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ketekete, bí mo ṣe máa ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe àánú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó jáde lẹ́nu mi, mo sì ti lò ó dáadáa.

"Yéè!" Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa ló fi ìgbe ta lẹ́yìn. "Ó pe ọkọ lórúkọ!"

Akọ̀wé ti dìde. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé?" Láti ìgbà tó ti gòkè àgbà, kò fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Alága ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé òun ni?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ó máa ń gbàgbé lẹ́tà kan níbẹ̀. Ẹ fún un ní pépà kẹ́ ẹ wò ó."

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Bí ara mi ò bá yá, òun ni mo máa ń fi ṣe oògùn.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ òfin lọ ti ẹ̀rọ náà pa lórí omi, èmi náà sì bá àwọn apẹja wọkọ̀ lọ wò ó. Mo gbé búrẹ́dì dání. Ọ̀dà pupa kan náà ni wọ́n lò. Akọ̀wé dúró létí omi, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fa páìpù òun jáde. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí i láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ mímú, ọ̀rọ̀ tí yóò dun àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá níwájú rẹ̀, búrẹ́dì kún ẹnu mi. Mo kàn ń jẹ ẹ́ lọ ni. Mo sì ń wò ó.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nu ọ̀dà ti Ìtamàga. Nígbà tí ìgbà díẹ̀ kọjá, àwọn kan dé, wọ́n wó ààrò mi, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ẹbí ti tà á. Ọ̀gá aṣebúrẹ́dì mi wá bá mi. Ó ti fi Ṣágámù sílẹ̀, wọn ò sì gbà á padà.

"Màmá, mo ti ra bàtà iṣẹ́ tuntun," ló sọ. "Gbólóhùn kan ṣoṣo, Màmá. Ẹ ò lè gbé e mì?"

Kò sí èébú tí Akọ̀wé bú mi tó dùn mí tó yẹn. Ìyáálé kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Wọ́n ṣe ìrántí ọkọ mi, wọn ò pè mí. Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ti ọ̀gá aṣebúrẹ́dì ni mi ò lè fara dà. Bí mo bá jí lówùúrọ̀ tí mo ń fọn iná, mo máa ń bi ara mi bóyá ẹ̀san mi tó ohun tó ná àwọn ẹlòmíràn.

Ọdún mélòó kan kọjá, Akọ̀wé yọ sí mi ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Àìsàn ti fà á lápá kan, agbádá ti tóbi jù ú lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. Ó ní òun wá ra búrẹ́dì. Mo gé e fún un. Ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó ń gbọn ẹ̀rúnrún kúrò láyà, mo ní: "Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mi ò kábàámọ̀. Bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé búrẹ́dì mi ì bá ṣì wà ní Ìtamàga, àwọn òṣìṣẹ́ mi ì bá ṣì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo sọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń fi ikọ́ ṣe, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ilé búrẹ́dì wo? Mo ti ta ilẹ̀ yẹn kí n tó rán Ìyáálé sí yín. Lórí òfo lẹ ì bá dákẹ́."